Ṣé zobo pupa ṣe é fi se ọbẹ̀ ìṣápá? Tèmi ti di tàdáwà

IyaEjire_Leeds:

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Màmá mi ń bọ̀ láti Òmù-Àrán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n máa lò lọ́dọ̀ wa, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wọ bàálù nìyí, mo wá ń ronú ohun tí mo máa kọ́kọ́ gbé síwájú wọn tí ara wọn á fi balẹ̀, ohun tó sì sọ sí mi lọ́kàn ni ọbẹ̀ ìṣápá elẹ́gùúsí, torí òun ni wọ́n máa ń sè fún wa lọ́jọ́ Sunday tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, iyán gbígbóná, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ tí bàbá mi bá rí rà. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ọdún kọkànlá rèé, n ò tíì fi ẹnu kàn án.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé n ò rí ìṣápá funfun rà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa tó wà ládùúgbò ni mo ti wọ̀, zobo pupa gbígbẹ ni gbogbo wọn ní. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tajà ní "àǹtí, ìkan náà ni wọ́n jàre, àwọ̀ ló yàtọ̀". Mo gbà á gbọ́. Mo gbé e délé, mo da omi gbígbóná lé e lórí, mo sọ káún sí i bí mo ṣe rántí pé màmá mi máa ń ṣe, ọmọ wá bú sẹ́kún ní pálọ̀, mo lọ gbé e. Ìgbà tí mo máa fi padà dé ìdí gáàsì, ẹ̀yin èèyàn mi, omi tó pupa fòò tẹ́lẹ̀ ti di nǹkan míì, kì í ṣe búlúù, kì í ṣe àwọ̀ ewé, kì í ṣe dúdú, ó dà bí ìgbà téèyàn da tàdáwà sínú omi àgbo. Mo ṣáà fún un, mo dà á sínú ẹ̀gúsí, mo ní bóyá epo pupa á bò ó. Epo ò bò ó o. Ọkọ mi ṣí ìkòkò, ó wò ó, ó wò mí, ó ní ṣé ká jẹ ẹ́ ni àbí ká fi kun ògiri.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé lóòótọ́ ni ìkan náà ni wọ́n? Ṣé ọ̀nà kankan wà tí mo lè gbé e gbà tí zobo pupa á fi ṣe é jẹ lọ́bẹ̀, àbí kí n gbàgbé ẹ̀ kí n se ẹ̀fọ́ rírò? Ọmọ mi obìnrin tún bi mí pé ṣé ewé ni àbí òdòdó, mo ní òdòdó ni, ó ní kí ló dé tí kò rí bí òdòdó, n ò rí èsì fọ̀.

Ẹ ṣé o.


OmoIgbominaPonbele:

Háà! Àǹtí, ẹ ṣẹ ìṣápá o. Ẹ lọ tọrọ àforíjì.

Èmi ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo ni, ilé ìṣápá ni wọ́n ti bí mi. Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń sè é fún yín kó lè yé ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí. Ìṣápá funfun gbígbẹ ni o, wọ́n á kọ́kọ́ ṣà á, torí yẹ̀pẹ̀ máa ń sá sínú ẹ̀ bí ọmọ tó jẹ gbèsè, wọ́n á fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n á wá bọ̀ ọ́, àwọn míì á ju káún tíńtín sí i kó lè tètè rọ̀ kí kíkan ẹ̀ sì dín kù, wọ́n á da omi àkọ́kọ́ nù, wọ́n á tún fi omi tútù ṣàn án, wọ́n á wá fún un, ẹ gbọ́ mi dáadáa, wọ́n á FÚN un, kì í ṣe kéèyàn kan rọra tẹ̀ ẹ́ bíi pé ó ń kí àna. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ìwòyí ti ń ṣìṣe, ọbẹ̀ á wá kan débi pé ojú á máa ṣẹ́ pọ́npọ́n. Lẹ́yìn náà lẹ ó din ata lórí epo, ẹ fi irú sí i, irú wooro o, ẹ má mú èyí tó ti di ẹrẹ̀ wá, ẹ da ẹ̀gúsí tẹ́ ẹ ti pò sí i ní ṣísíbí, ẹ jẹ́ kó gbá ara jọ kẹ́ ẹ tó rò ó, ìṣápá ló máa kẹ́yìn wọlé. Kí wọ́n jọ wà lórí iná tó rọra ń jó títí epo á fi yọ.

Èyí tẹ́ ẹ rà yẹn, omi mímu ni. Ẹ fi súgà sí i kẹ́ ẹ mu ún.


Alajapa_Sabo:

Ẹ kú àtijọ́ o. Ẹ má dá bọ̀dá yẹn lóhùn ní tààrà, ó ń ṣe bí ẹni tó ni ìṣápá. Èmi zobo ni mò ń tà, Sábó Ìbàdàn ni mo ti ń kó o, ọwọ́ àwọn Hausa tó ń gbé e wá láti Kano àti Jigawa, ó ti lé lọ́dún méjìlá.

Màmá Èjìrẹ́, irú igi kan náà ni wọ́n lóòótọ́, ẹni yẹn ò parọ́ fún yín. Ìkan pupa, ìkan funfun, bíi ti àlùbọ́sà. Àwa Yorùbá ti ń jẹ ti funfun lọ́bẹ̀ láti ayébáyé, ti pupa ni a wá gba mímu ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Hausa, orúkọ tí wọ́n ń pè é náà la ń pè é. Àwọn kan ń pe igi ẹ̀ ní àmúkan, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí.

Ẹ wá sọ fún ọmọ yín pé kì í ṣe ewé, kì í sì í ṣe òdòdó gan-an. Ẹnu wa kàn ti mọ́ "ewé zobo" ni. Mo ti bá wọn dé oko ẹ̀ rí, mo fojú rí i. Òdòdó ẹ̀ gan-an rẹwà, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí yẹ́lò tí wọ́n fi mílíìkì lú, àárín ẹ̀ dúdú pupa, ṣùgbọ́n kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, àárọ̀ ló ń là, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ó ti rọ, ó ti já bọ́. Ife kékeré tó gbé òdòdó yẹn dání nídìí ló máa wá wú lẹ́yìn ẹ̀, á sanra, á pupa, á yí èso tó ní kóró nínú po bí ìyá tó pọn ọmọ. Ife yẹn ni wọ́n ń já, wọ́n á yọ èso inú ẹ̀ kúrò, wọ́n á sá a. Òun ni zobo. Òun náà ni ìṣápá. Òdòdó ti lọ, ibi tó jókòó sí ni à ń jẹ.

Tẹ́ ẹ bá tún ń rà á, ẹ má ra èyí tó ti dúdú tàbí èyí tó dà bí ìyẹ̀fun nísàlẹ̀ ọ̀rá, ẹ fi imú gbọ́ ọ, tó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ó ti bu nìyẹn. Ẹ tún gbọ́ o, àwa táà ń tà á nílé gan-an, òkèèrè ló ń pinnu iye tí à ń rà á. Mexico ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń kó jáde ní Nàìjíríà. Ní 2017 tí wọ́n ní àwọn ò gbà á mọ́ fún ìgbà kan torí kòkòrò tí wọ́n bá nínú ẹ̀, ọjà dà rú. Èmi ò mọ Mexico rí, n ò mọ ohun tí wọ́n ń fi zobo tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe.


BayoKemisiri:

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì, ó dùn mọ́ mi pé ó wúlò lónìí torí n ò tíì rí iṣẹ́ tí mo fi ṣe.

Káún ló ṣe yín. Ohun tó ń mú zobo pupa ń jẹ́ anthocyanin, òun náà ló wà lára kábéèjì aláwọ̀ àlùkò. Ìwà ẹ̀ ni pé tí nǹkan kíkan bá wà nínú omi, á pupa, tí káún, sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì àbí ọṣẹ bá kàn án, á di búlúù, á di àwọ̀ ewé, tó bá pẹ́ níbẹ̀ á wá di rádaràda. Ẹni tó bá ti fi ọṣẹ fọ ife tó mu zobo á ti rí i rí, ìfofò ọṣẹ á kọ́kọ́ yí padà sí búlúù kó tó ṣàn lọ. Ká ní ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò lójú ẹsẹ̀ ni, ó ṣe é ṣe kó padà pupa. Àwọ̀ yìí ò sí lára ìṣápá funfun, ìdí nìyẹn tí káún màmá yín fi ń wọ inú ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Káún ń pa kíkan ni, kò ní àwọ̀ tó máa bà jẹ́.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá máa lo pupa, ẹ gbàgbé káún pátápátá. Omi lẹ máa fi yọ kíkan ẹ̀. Àwọ̀ àti kíkan, inú omi làwọn méjèèjì ń bọ́ sí, bẹ́ ẹ bá ṣe ń pààrọ̀ omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa lọ.

Ìkan tó kù, ẹ má fi ìkòkò sílífà sè é. Kíkan zobo máa ń họ ara ìkòkò yẹn sínú oúnjẹ. Sténlẹ́ẹ̀sì tàbí ìkòkò tí wọ́n fi tánganran bò ni kẹ́ ẹ lò.


OmoIgbominaPonbele:

Ìyá mi ò ka kẹ́mísìrì o, wọ́n sì ń se ìṣápá.

Ṣùgbọ́n mo gbà pé ọ̀rọ̀ káún yẹn nítumọ̀. N ò mọ ìdí ẹ̀ tẹ́lẹ̀.


Houston_Abeke:

Ẹ jẹ́ n dá àǹtí Sábó lóhùn nípa Mexico torí àárín wọn ni mò ń gbé ní Texas níbí. Mímu ni wọ́n ń mu ún! Agua de jamaica ni wọ́n ń pè é, ẹ ò lè wọ búkà wọn kẹ́ ẹ má rí agolo gíláàsì ńlá kan tí omi pupa wà nínú ẹ̀, tútù nini. Zobo ni, zobo wa yìí, kò kàn sí atalẹ̀ àti kànáfùrù nínú ẹ̀ ni, súgà nìkan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá tó ń tà á.

Ohun tó wá kan ọ̀rọ̀ wa ni èyí. Àwọn kan nínú wọn kì í da pàǹtí ẹ̀ nù. Tí wọ́n bá ti sẹ́ omi ẹ̀ mu, wọ́n á gé zobo tó ṣẹ́ kù sí wẹ́wẹ́, wọ́n á din ín pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, wọ́n á fi sínú tortilla (búrẹ́dì wọn tó rí pẹlẹbẹ), wọ́n á jẹ ẹ́ bí ẹran. Aládùúgbò mi kan ló fún mi jẹ, mo jẹ ẹ́, mo dákẹ́, mo ní ta ló mú ìṣápá dé bí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi pupa se ọbẹ̀ ìṣápá nílé mi, kò sẹ́ni tó kú.

Bí mo ṣe ń ṣe é, Màmá Èjìrẹ́. Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta zobo, ẹ fi omi tútù ṣàn án kíá kí yẹ̀pẹ̀ lọ. Ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ dé e fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ sẹ́ ẹ. Omi yẹn Ẹ MÁ DÀ Á NÙ, zobo yín nìyẹn, ẹ fi atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀-òyìnbó sè é díẹ̀, ẹ gbé e sí fìríìjì. Omi kejì, ẹ jẹ́ kó hó díẹ̀ lórí iná, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù. Omi kẹta bẹ́ẹ̀ náà. Kẹ́ ẹ wá mú ẹyọ kan jẹ. Tó bá ṣì ń ta yín lẹ́nu, ẹ fi omi kẹrin sí i. Mi ò lè sọ pé iye báyìí ni torí zobo ò kan bákan náà, èyí tí mo rà lóṣù tó kọjá, omi márùn-ún ló mu. Ẹ wá fún un bí bọ̀dá Àjàṣẹ́ ṣe wí (ibẹ̀ yẹn wọ́n sòótọ́), ẹ fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́ torí ti pupa máa ń le ju funfun lọ, ẹ má gbé e fún bùléńdà láéláé, á di ọ̀gì.

Yàtọ̀ sí ìyẹn ọbẹ̀ yín náà ni. Èmi máa ń jẹ́ kí ẹ̀gúsí pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ torí ọ̀rá ẹ̀ ló ń pa kíkan tó bá kù, mo sì máa ń fi ẹja gbígbẹ sí i. Àwọ̀ ẹ̀ ò ní funfun o, ẹ má tan ara yín. Ṣùgbọ́n kò ní di tàdáwà.


AuntyPetu_Brum:

Ará Jamaica lọkọ mi, nílé wa sorrel lorúkọ ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ò gbà pé nǹkan wa ni, a ti jà á títí. Ọjọ́ Kérésìmesì ni tiwọn, wọ́n á fi atalẹ̀ rẹpẹtẹ sí i, èèpo ọsàn, pimento (pimento tiwọn yẹn kì í ṣe ata o, kóró dúdú róbótó kan ni, òórùn ẹ̀ dà bíi kànáfùrù), wọ́n á dé e mọ́jú, wọ́n á wá bu ọtí rọ́ọ̀mù lé e. Ife kan péré, mo sùn lórí àga.

Mo máa ń rò pé torí pé aṣọ Kérésìmesì pupa ni wọ́n ṣe ń mu ún nígbà yẹn. Àṣé igi yẹn gan-an ló ń dúró de ìgbà tí ojúmọ́ bá kúrú kó tó tanná, ìparí ọdún ló ń so, nílé lọ́hùn-ún náà òpin ọdún ni wọ́n ń kórè ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àǹtí Sábó.


Alajapa_Sabo:

Òótọ́ ni. Láti bí oṣù kọkànlá ni tuntun ti ń wọlé. Ẹ wò ó, kí ni mo máa fi rọ́ọ̀mù ṣe nínú zobo? Ìwọ̀nba kànáfùrù tí mò ń fi sí i gan-an àwọn ọmọ ń ráhùn.


Nosi_Folake:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kàn fẹ́ dá ọ̀rọ̀ kan sí i, torí màmá ń bọ̀ láti ilé, àgbàlagbà ni wọ́n, màmá tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?

Mo bèèrè torí zobo máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe àlọ́. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Tufts University ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2010, èèyàn 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga díẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì máa lo oògùn, wọ́n ń fún àwọn kan ní tíì zobo ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ń fún àwọn yòókù ní omi tí wọ́n fi adùn àti àwọ̀ ṣe bíi zobo. Nọ́ńbà òkè wálẹ̀ ní bíi méje lára àwọn tó mu zobo, lára àwọn yòókù kò ju bí ẹyọ kan lọ. Ẹ tún wò ó, zobo tí wọ́n rẹ sínú ife kan ò ju gíráàmù kan lé díẹ̀ lọ. Tiwa tí à ń fi ẹ̀kúnwọ́ sè ńkọ́.

Kí màmá má wá torí ẹ̀ sọ pé àwọn ò lo oògùn mọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, "mo ti mu zobo". Tí wọ́n bá ń lo oògùn tí wọ́n sì tún ń mu zobo jágí kan lójúmọ́, ẹ máa fi ẹ̀rọ wò wọ́n, kó má lọ wálẹ̀ jù kí òòyì má kọ́ wọn lórí àtẹ̀gùn. Ọbẹ̀ ò ní wàhálà, omi ẹ̀ ti ṣàn lọ. Súgà tí ẹ̀ ń dà sínú zobo gan-an ló yẹ ká jókòó sọ, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ tèmi.


Tunde_OlokoCroydon:

Ẹ jọ̀wọ́ n ò mọ̀ nípa ìṣápá, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti di ti òdòdó jíjẹ, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo ní ilẹ̀ kékeré tí kánsù fún mi, mo gbin elégédé sí i. Àwọn Ítálì tó ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló kọ́ mi pé òdòdó ẹ̀ ṣe é jẹ. Akọ ni kẹ́ ẹ já, ìyẹn èyí tí igi ìdí ẹ̀ tín-ín-rín lásán, èyí tó bá ti gbé elégédé kékeré dání abo nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ kó so. Àárọ̀ kùtù tó bá ṣì là, ẹ yẹ inú ẹ̀ wò torí oyin máa ń sùn síbẹ̀. Wọ́n máa ń ki wàràkàṣì àti ẹja kékeré oníyọ̀ sínú ẹ̀, wọ́n á rì í sínú ìyẹ̀fun pípò, wọ́n á din ín. Èmi ò ní wàràkàṣì lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀wà àkàrà tí ìyàwó mi lọ̀ ni mo rì í sí. Ẹ̀yin ará, àkàrà olódòdó. Ó ń dún kàràkàrà lẹ́nu, inú ẹ̀ rọ̀. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n sún mọ́ ẹ̀wà ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mẹ́fà ló jẹ.

Elderflower náà wà ńlẹ̀ yìí, ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tó ń ta sánsán lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè. Orí ẹ̀ bí ogún, súgà, lẹ́mọ́ọ̀nù, omi gbígbóná, ẹ dé e mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ó di omi dídùn tí wọ́n ń là mọ́ omi tútù. Ẹ já igi àti ewé ẹ̀ kúrò dáadáa o, májèlé wà nínú ìyẹn. Tí kò bá dá yín lójú pé òun ni, ẹ rìn kọjá, torí àwọn kan jọ ọ́ tó jẹ́ pé wọ́n ń pààyàn.

Ẹ má sì já òdòdó tí wọ́n ń tà fún ọjọ́ ìbí sórí kéèkì, oògùn kòkòrò ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Daffodil, foxglove, májèlé ni wọ́n. Mo rí ẹnì kan tó fi daffodil ṣe kéèkì lọ́ṣọ̀ọ́, ọkàn mi gbọ̀n.


OmoIgbominaPonbele:

Ìjẹ̀bú fi òdòdó din àkàrà. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán.


IyaEjire_Leeds:

Ẹ má bínú pé mo pẹ́, màmá dé lọ́jọ́ Tuesday, ilé ò gbà wá mọ́ látàrí ẹrù, wọ́n gbé ọlọ ìlọta wá láti Òmù-Àrán, ỌLỌ O, nínú báàgì tó yẹ kí aṣọ òtútù wà. Mo ní màmá, bùléńdà wà níbí. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Mo tẹ̀ lé ti àǹtí Houston. Omi mẹ́rin ni tèmi mu. Àkọ́kọ́ mo gbé e sí fìríìjì bí wọ́n ṣe ní, kò sí káún, kò sí ìkòkò sílífà, mo fún un títí ọwọ́ fi ń ro mí, ọmọ mi sì dúró tì mí tó ń sọ fún ìkejì ẹ̀ pé "kì í ṣe òdòdó o, ibi tí òdòdó jókòó sí ni" bíi pé òun ló kọ́ gbogbo wa. Mo dà á sí ẹ̀gúsí. Mi ò sọ nǹkan kan fún màmá. Mo gún iyán, ìyẹn ni pé mo ro ti inú páálí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Màmá bu òkèlè, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n dákẹ́. Wọ́n bu òmíràn. Wọ́n ní "ìṣápá rèé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní "kí ló pa á lára tó fi ń pọ́n?" Mo wá jẹ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n gbé iyán sílẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti ń mu zobo fún ogún ọdún lójú ọ̀nà Ìlọrin, kò wá sí wọn lọ́kàn lọ́jọ́ kan pé ó ṣe é fi bá ẹ̀gúsí. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní kíkan ẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, pé mo fún un jù!! Bọ̀dá Àjàṣẹ́, ṣé ẹ gbọ́?

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an, wọ́n ń lo oògùn lóòótọ́, mo ti ra ẹ̀rọ yẹn, àárọ̀ àti alẹ́ là ń wò ó. Ife zobo kan lójúmọ́ ni mo fún wọn láyè, wọ́n sì ti bá àwọn ìbejì sọ ọ́ kí wọ́n máa yọ́ bu èkejì fún wọn.


OmoIgbominaPonbele:

Ẹ kí màmá fún mi, ẹ ní ọmọ Àjàṣẹ́ ń kí wọn. Lórí fífún yẹn, ìṣápá funfun ni mo ní kẹ́ ẹ fún bẹ́ẹ̀, mi ò sọ ti pupa.

Ẹ fi fọ́tò ọbẹ̀ yẹn sí i ká rí i. Mi ò ní gbà á gbọ́ títí màá fi rí i.


IyaEjire_Leeds:

Fọ́tò wo? Ọkọ mi tó ní ká fi kun ògiri ló fi òkèlè nu ìkòkò.


Houston_Abeke:

😂😂😂


Alajapa_Sabo:

Màmá Èjìrẹ́, mo ní ìṣápá funfun ń bẹ lọ́wọ́ mi báyìí o, láti Ọ̀fà ni wọ́n gbé e wá, ó mọ́ tónítóní. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé wọ́n gbà kó gbé e wọ̀lú yẹn, kó tó yà lọ́dọ̀ mi. N ò fẹ́ kí wọ́n da ọjà mi nù sí éépọ́ọ̀tù.